Ìdí Tí 45 àti 45 Kì Í Fi Í Pàdé ní Kọ̀rọ̀ Yàrá

Ẹni tó bá kọ́kọ́ fẹ́ kan pákó ọ̀ṣọ́ yí ògiri yàrá rẹ̀ ká máa ń rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni. Ògiri tó gùn gbọọrọ kì í sì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu: ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gé pákó, ẹ kàn án mọ́ ọn, ó tán. Ibi tí ògiri méjì ti pàdé ni wàhálà wà. Ẹ ó gé pákó àkọ́kọ́ ní dígírì 45, ẹ ó gé èkejì ní dígírì 45, ẹ ó gbé wọn kò ara wọn, àlàfo tí èékánná lè wọ̀ á sì là sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹ ó tún un gé. Pákó á kúrú. Àlàfo á ṣì wà níbẹ̀.

Èmi náà ti ṣe é rí. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi gé pákó kan ṣoṣo ní àgétúngé títí ó fi kúrú ju ògiri tí mo fẹ́ kàn án mọ́ lọ, tí mo sì ń bú ayùn. Ayùn ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀. 45 tí mo ní kó gé, 45 gidi ló gé. Ògiri ni kò jẹ́ 90.

Bí ẹ bá ti gba èyí gbọ́, ìdajì iṣẹ́ ti parí, torí ẹ ò ní máa bá irinṣẹ́ jà mọ́. Ògiri lẹ máa lọ bá, ẹ máa bi í pé dígírì mélòó ló jẹ́. Àwọn ibì kan tiẹ̀ wà tí ẹ ò ní nílò láti bi í rárá, torí ọgbọ́n kan wà tí kò bìkítà bóyá ògiri tọ́ tàbí ó wọ́. Màá dé orí ìyẹn.

Kọ̀rọ̀ kì í ṣe igun

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi orúkọ kan pè. Nínú àlàyé yìí, kọ̀rọ̀ ni ibi tí ògiri méjì ti ká wọnú, ibi tí ìgbálẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí tí eruku sì máa ń kó jọ sí. Igun ni ibi tí ògiri ti yọ síta, ibi tí èèyàn máa ń fi ìgúnpá gbá nígbà tó bá ń sáré kọjá. Yàrá tí kò ní kọ́lọkọ̀lọ kankan kò ní ju kọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n bí òpó bá yọ lára ògiri, tàbí tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá ṣẹ́rí wọlé, igun ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Pákó ọ̀ṣọ́ náà, oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, tó bo ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní skirting. Ọ̀kan gba àárín ògiri kọjá bí ìgbànú, ní ibi tí ẹ̀yìn àga máa ń ha. Ẹ̀kẹta wà lókè, láàárín ògiri àti àjà, òun ni kọ́nísì. Àwọn méjì àkọ́kọ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ pẹrẹsẹ sára ògiri, nítorí náà ìlànà kan náà ló wà fún wọn. Kọ́nísì fi ara dagun, ó ní wàhálà tirẹ̀, màá sì sọ ọ́ lọ́tọ̀.

Kí ló ń mú ògiri wọ́? Kì í sábà jẹ́ búlọ́ọ̀kù. Símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ló sábà ń fà á. Irin tí wọ́n fi ń tẹ́ símẹ́ǹtì náà kì í wọnú kọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí náà símẹ́ǹtì máa ń ki jọ síbẹ̀. Ní igun, wọ́n máa ń fi nǹkan kún etí rẹ̀ kó má bàa tètè fọ́, ibẹ̀ á wá wú díẹ̀. Ẹ lè wo ògiri láti òkèèrè kó dà bíi pé ó tọ́ bí ọ̀pá, kó jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá tó kẹ́yìn, níbi tí pákó yín gan-an máa jókòó sí, ló wọ́.

Nọ́ńbà tó wà lórí ayùn

Ibí yìí ló ń da ojú rú jù, mo sì rò pé ó yẹ ká fara balẹ̀ sí i.

Lórí ayùn oníná tó ń yí sọ́tùn-ún yí sósì, òdo ni wọ́n kọ síbi tí ayùn ti máa gé pákó ní tààrà, láìdàgẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn nọ́ńbà yòókù ń sọ bí ayùn ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà tààrà yẹn tó. Wọn ò sọ bí kọ̀rọ̀ ṣe fẹ̀ tó. Nítorí náà, bí ẹ bá wọn kọ̀rọ̀ tó jẹ́ dígírì 135, irú èyí tó máa ń wà níbi tí fèrèsé ti yọ ikùn síta, ẹ ò ní pín 135 sí méjì kí ẹ wá máa wá 67.5 lórí ayùn. Ọ̀pọ̀ ayùn ni nọ́ńbà rẹ̀ ò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹ pín dígírì kọ̀rọ̀ náà sí méjì, kí ẹ wá yọ ohun tí ẹ rí kúrò nínú 90. Ìdajì 135 ni 67.5. Yọ ọ́ kúrò nínú 90, ó ku 22.5. Orí 22.5 ni ayùn máa wà fún pákó méjèèjì.

Kọ̀rọ̀ tó jẹ́ 92 ńkọ́? Ìdajì rẹ̀ ni 46, ó ku 44. Èyí tó jẹ́ 88? Ìdajì rẹ̀ ni 44, ó ku 46. Bí kọ̀rọ̀ bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni nọ́ńbà orí ayùn á máa kéré sí i. Bákan náà ló rí fún igun tó yọ síta. Ìdí tí 45 fi ń tan èèyàn jẹ náà nìyẹn: ìdajì 90 jẹ́ 45, ohun tó sì ṣẹ́kù nígbà tí a bá yọ 45 kúrò nínú 90 náà jẹ́ 45. Ìṣirò méjì ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èsì kan náà ni wọ́n mú wá, kò sì sẹ́ni tó ń mọ̀ pé wọ́n jẹ́ méjì títí ọjọ́ tó bá pàdé kọ̀rọ̀ tó yàtọ̀.

Ẹnì kan lè ní kí ni dígírì méjì péré fẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Pákó tó nípọn ní mílímítà 20, tí ẹ bá gé e ní 45, ojú ibi tí ayùn gbà á gùn tó nǹkan bíi mílímítà 28. Bí kọ̀rọ̀ bá jẹ́ 92 dípò 90, ẹ̀yìn pákó méjèèjì á fara kan ara wọn lára ògiri, iwájú wọn á sì fi bíi mílímítà kan là. Mílímítà kan kéré lórí téèpù. Lára pákó funfun tí òjìji wọ àárín rẹ̀, ìlà dúdú ni, àlejò á sì rí i láti ẹnu ọ̀nà.

Bí kọ̀rọ̀ bá fún ju 90 lọ, iwájú ló máa kọ́kọ́ pàdé, ẹ̀yìn ló máa là. Ìyẹn sàn díẹ̀, àyàfi tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo orí pákó ìsàlẹ̀. Ní igun tó yọ síta, gbogbo rẹ̀ yí padà. Igun tó fẹ̀ ju 90 lọ ló ń jẹ́ kí iwájú pàdé tí ẹ̀yìn á là. Igun tó mú ju 90 lọ ló ń la iwájú. Ohun tó fa á tí ẹni tó ti mọ kọ̀rọ̀ ṣe fi máa ń ṣì í ní igun nìyẹn: ó ń ṣe àtúnṣe sí apá òdì.

Bí a ṣe ń bi ògiri léèrè

Tí ẹ ò bá ní ohun èlò ìwọn dígírì, téèpù tó. Ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 60 láti inú kọ̀rọ̀ lọ lára ògiri kan, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì síbẹ̀. Ẹ wọn 80 lára ògiri kejì, ní gíga kan náà, ẹ sàmì síbẹ̀ náà. Ẹ wá wọn láti àmì dé àmì. Bó bá jẹ́ 100 géérégé, kọ̀rọ̀ yín jẹ́ 90. Bó bá lé, ó ti fẹ̀. Bó bá dín, ó ti fún. Mílímítà mẹ́jọ tó bá lé tàbí tó bá dín jẹ́ nǹkan bíi dígírì kan.

Ó dára láti mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ògiri gígùn ló ń sọ nípa rẹ̀, kì í ṣe símẹ́ǹtì tó ki jọ sínú kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù, kò sì ní ìṣirò kankan nínú. Ẹ lẹ téèpù bébà, irú èyí tí àwọn akunlé ń lò tó ṣeé ṣí kúrò, mọ́ ilẹ̀ nínú kọ̀rọ̀ náà. Ẹ mú àgékù pákó kan tó tọ́, ẹ gbé e ti ògiri kan, kí ẹ fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí inú yàrá. Ẹ gbé àgékù yẹn kan náà ti ògiri kejì, ẹ fa ìlà míì. Ìlà méjèèjì á gba ara wọn kọjá níbì kan. Ẹ fa ìlà kẹta láti ibi tí wọ́n ti pàdé lọ sínú kọ̀rọ̀ gan-an. Ìlà kẹta yìí ló pín kọ̀rọ̀ yín sí méjì dọ́gba, ì báà jẹ́ 87, ì báà jẹ́ 93. Ẹ gbé àgékù yẹn padà sípò rẹ̀, ẹ sàmì síbi tí ìlà náà ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ àti ibi tó ti gba iwájú rẹ̀, ẹ so àmì méjèèjì pọ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ sì gbé ayùn bá ìlà yẹn mu. Ní igun tó yọ síta, ohun kan náà ni: àwọn ìlà méjèèjì á pàdé níwájú igun, ẹ ó sì so ibẹ̀ mọ́ ṣóńṣó igun náà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan pákó gidi, ẹ fi àgékù méjì dán an wò. Àgékù kò wọ́n. Pákó mítà mẹ́ta tí ẹ gé kúrú ló ń dun ni.

Nínú kọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pàdé

Ọgbọ́n tí mo ní màá dé orí rẹ̀ rèé. Àwọn káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í sábà gé pákó méjèèjì ní ìdàgẹ̀rẹ̀ fún kọ̀rọ̀. Ọ̀kan ni wọ́n ń gbẹ́ kó lè gun èkejì.

Pákó àkọ́kọ́ rọrùn: ẹ gé e ní tààrà, ẹ tì í wọnú kọ̀rọ̀ títí orí rẹ̀ á fi kan ògiri, ẹ kàn án mọ́bẹ̀. Ó parí. Pákó kejì ló ní iṣẹ́ nínú. Ojú pákó ọ̀ṣọ́ ní kòtò àti gegele. Ẹ fẹ́ kí orí pákó kejì ní kòtò níbi tí ti àkọ́kọ́ ti ní gegele, kó ní gegele níbi tí tọ̀hún ti ní kòtò, kí wọ́n lè jókòó sínú ara wọn bí ideri ṣe ń jókòó sórí ìkòkò tí a mọ ọ́n fún.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ìlà tí ẹ máa gbẹ́? Ayùn fúnra rẹ̀ ló máa yà á fún yín. Ẹ gé orí pákó kejì ní 45, bíi pé ẹ fẹ́ ṣe ti ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ju iwájú lọ. Tí ẹ bá kọjú sí pákó náà báyìí, ẹ ó rí igi tútù tí ayùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí síta, àti ibi tí igi tútù yìí ti pàdé ojú pákó. Etí yẹn, bó ṣe ń ká tó ń yí, òun gan-an ni àwòrán ojú pákó àkọ́kọ́. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsùlù pa á kó lè hàn dáadáa.

Ẹ wá mú ayùn tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí irin rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, tí abẹ rẹ̀ tín-ín-rín tó láti yí ní kòtò. Ẹ máa tọ ìlà pẹ́ńsùlù náà lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gé e, ẹ da ayùn sẹ́yìn díẹ̀ kó lè máa jẹ igi ẹ̀yìn ju ti iwájú lọ. Èyí ni àṣírí rẹ̀: ètè iwájú nìkan ló yẹ kó fara kan pákó àkọ́kọ́. Igi tó wà lẹ́yìn ètè yẹn, ohun tó ń dínà ni, ẹ bá mi jẹ ẹ́ kúrò. Níbi tí ìlà bá ti tọ́, bí i ìsàlẹ̀ skirting tó tẹ́jú, ẹ lè fi ayùn ọwọ́ lásán gé e.

Kò ní bá ara mu lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú àgékù pákó kan náà, ẹ gbé orí tí ẹ gbẹ́ tì í, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti kọjá ni wọ́n ti ń fara kan ara wọn. Ẹ fi fáìlì roboto tàbí bébà ìdángi tí ẹ ká mọ́ igi pẹ́ńsùlù ha ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ tún gbé e wò. Ìgbà àkọ́kọ́ lè gbà yín ní ìdajì wákàtí. Nígbà tí ẹ bá fi máa ṣe ìkẹrin, ẹ ò ní lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Kí nìdí tá a fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí? Ìdí mẹ́ta ni, ọ̀kan sì lágbára ju àwọn yòókù lọ. Àkọ́kọ́, ètè tó gun ojú pákó àkọ́kọ́ kò bìkítà bóyá kọ̀rọ̀ jẹ́ 88 tàbí 92. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti jẹ igi ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, àyè wà fún un láti yí díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì láìsí àlàfo. Èkejì, ìṣó: nígbà tí ẹ bá ń kan pákó tí ẹ gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ mọ́ ògiri, bí ìṣó ṣe ń fà á lọ sẹ́yìn ni ibi ìpàdé ń là. Pákó tí a gbẹ́ kò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù fún mi, ìyẹn ni pé igi ń mí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, igi máa ń sún kì, ìbú rẹ̀ ló sì ń sún jù, kì í ṣe gígùn rẹ̀. Ìdàgẹ̀rẹ̀ tó pàdé gbogbo ara ní ọjọ́ tí ẹ kàn án lè là lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kó sì jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ṣàṣìṣe kankan. Èyí tí a gbẹ́ náà á sún, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ṣì ń bo ojú ibẹ̀, òjìji dúdú kì í tètè hàn.

Àwọn tí kò yẹ fún wà o. Bí ojú pákó yín bá tẹ́jú pẹrẹsẹ láìní kòtò láìní gegele, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ gbẹ́: ẹ gé méjèèjì ní tààrà, ẹ fi orí ọ̀kan ti ojú èkejì. Fóòmù líle kì í fẹ́ irú iṣẹ́ yìí, ètè rẹ̀ máa ń fọ́. Ìdàgẹ̀rẹ̀ àti gọ́ọ̀mù ló bá a mu. MDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, ṣeé gbẹ́, àmọ́ ẹ fọwọ́ rọra mú ètè rẹ̀.

Igun tó yọ síta

Níbí, kò sí àbùjá. Orí pákó méjèèjì ló wà níta gbangba, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ pàdé ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹ wá dígírì igun náà lọ́nà tí mo ti ṣàlàyé, ẹ fi àgékù dán an wò.

Ẹ má fi téèpù wọn èyí tó bá lọ sí igun. Ẹ gbé pákó náà gan-an síbi tó máa wà, kí orí rẹ̀ kejì ti wọ inú kọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, kí ẹ wá fi pẹ́ńsùlù mímú sàmì sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ṣóńṣó igun ti kàn án. Àmì yẹn ni ibi tí ìdàgẹ̀rẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, iwájú á sì gùn jù ú lọ. Ẹ kọ́kọ́ gé e kó fi mílímítà kan tàbí méjì lé, kí ẹ wá máa fá a díẹ̀díẹ̀. Àfikún ṣeé gé kúrò. Èyí tó ti kúrú kò ní oògùn.

Ẹ tún lè fi ìdajì dígírì kún ohun tí ìwọ̀n fún yín, pàápàá tí pákó bá nípọn. Tó bá jẹ́ 45 ni, ẹ gé e ní 45.5. Iwájú ló máa kọ́kọ́ pàdé, ẹ̀yìn á là díẹ̀, ògiri á sì bo ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ẹ lo gọ́ọ̀mù igi sójú ibi ìpàdé kí ẹ tó kàn án, kí àwọn méjèèjì lè di ọ̀kan bí igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á tún mú un dúró.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ tán tí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣì wà ní ṣóńṣó, ẹ mú ọ̀pá irin dídán roboto kan, ara ìtúṣó náà á ṣe é, kí ẹ fi rìn lórí ṣóńṣó náà lókè-nísàlẹ̀, kí ẹ máa tẹ igi ọ̀tún àti tòsì wọlé. Igi á tẹ̀, ìlà á pòórá. Ẹ̀tàn díẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n kò sí káfíńtà tí kò ṣe é rí.

Kọ́nísì, tó ń mú orí yí

Ìdí tí kọ́nísì fi yàtọ̀ ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ògiri, kò sì lẹ̀ mọ́ àjà. Ó dagun láàárín àwọn méjèèjì, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló fara ti ògiri, etí òkè nìkan ló fara ti àjà. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ayùn kí ẹ wá gé e ní 45 bíi ti skirting, ẹ̀ka méjèèjì kò ní pàdé láé, bó ti wù kí kọ̀rọ̀ tọ́ tó.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí ẹ gbé e dúró lórí ayùn bó ṣe máa wà lókè, ṣùgbọ́n kí ẹ dojú rẹ̀ dé. Ẹ ka pèpéle ayùn sí àjà, kí ẹ sì ka irin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ sí ògiri. Etí tó máa kan àjà ni ẹ máa fi lélẹ̀ lórí pèpéle, etí tó máa kan ògiri ló máa fara ti irin. Nígbà náà, 45 tún ti di 45. Ẹ kan igi pẹlẹbẹ kan mọ́ pèpéle kó má bàa máa yọ̀. Ohun tó kù ni pé torí ẹ ti dojú rẹ̀ dé, ọ̀tún ti di òsì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù pákó. Èmi kì í fi orí rò ó mọ́. Òfin kan ni mo dì mú: ní kọ̀rọ̀, etí tó kan ògiri ló máa ń gùn jù, etí tó kan àjà ló máa kúrú. Ní igun tó yọ síta, etí àjà ló máa gùn jù. Kí n tó tan ayùn, màá béèrè èwo ló fẹ́ gùn nínú méjèèjì, màá sì wò ó bóyá ohun tí ayùn fẹ́ fi sílẹ̀ nìyẹn.

Bí kọ́nísì bá fẹ̀ tí kò lè dúró lábẹ́ ayùn, ẹ ó ní láti tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ sì yí ayùn lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà: kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì tún dà. Fún kọ́nísì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí dígírì 38 kúrò lára ògiri, 31.6 ni yíyà, 33.9 ni dídà. Fún èyí tó ṣí dígírì 45, 35.3 ni yíyà, 30 ni dídà. Ẹ rántí pé kọ̀rọ̀ tó jẹ́ 90 gan-an nìkan ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí wà fún. Mo sì ti sọ iye ìgbà tí kọ̀rọ̀ ń jẹ́ 90 gan-an.

Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí pákó sùn nínú yàrá náà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó gé e, kí ara rẹ̀ lè mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀.

Ògiri tó dojú kọ ilẹ̀kùn ni kí ẹ fi ṣáájú. Ẹ gé pákó rẹ̀ ní tààrà lórí méjèèjì, kó gba kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀. Ẹ wá ṣe àwọn ògiri ẹ̀gbẹ́: ẹ gbẹ́ orí tó lọ bá pákó àkọ́kọ́ yẹn, ẹ gé orí kejì ní tààrà. Ògiri ilẹ̀kùn ló kẹ́yìn, férémù ilẹ̀kùn ló sì máa pín pákó rẹ̀ sí méjì, nítorí náà èyí tó wà lápá kọ̀ọ̀kan á ní orí tí ẹ gbẹ́ sí kọ̀rọ̀, orí tó tọ́ á lọ sí férémù. Ẹ ò ní gbẹ́ orí méjèèjì pákó kan níbì kankan, ìyẹn sì jẹ́ àánú ńlá. Àǹfààní míì tún wà: ẹni tó bá wọlé, ibi tí ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ ni ògiri iwájú. Ibi ìpàdé tó wà níbẹ̀, ara pákó ẹ̀gbẹ́ ló máa dí i mọ́ ọn lójú, nítorí náà kódà bí àlàfo bá wà, kò ní rí i.

Ẹ máa gbẹ́ orí pákó kí ẹ tó gé gígùn rẹ̀, torí bí gbígbẹ́ bá bàjẹ́, ẹ ṣì ní igi tí ẹ lè tún un ṣe lára rẹ̀. Nípa ìwọ̀n, téèpù máa ń tẹ̀ nínú kọ̀rọ̀, ó sì ń parọ́ mílímítà méjì mẹ́ta. Ẹ wọn mítà kan géérégé láti kọ̀rọ̀ ọ̀tún, ẹ sàmì, kí ẹ wá wọn láti kọ̀rọ̀ òsì wá bá àmì náà, kí ẹ sì ro méjèèjì pọ̀. Fún ògiri tó gùn, ẹ fi mílímítà kan lé e: ẹ tẹ àárín pákó náà síta díẹ̀, ẹ fi orí rẹ̀ méjèèjì wọ kọ̀rọ̀, kí ẹ wá tì í mọ́ ògiri. Á fún pinpin.

Bí ọ̀dà ni ẹ máa fi kun pákó náà, pọ́tì rírọ̀ inú túùbù, irú èyí tó ṣeé kùn lọ́dà, á dí ohun tó bá kéré sí mílímítà kan. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ìlà igi hàn lábẹ́ fáníìṣì, ẹ má gbójú lé pọ́tì. Á hàn bí àpá. Fún pákó tí ẹ máa kùn lọ́dà, ẹ fún ìwọ̀nba pọ́tì tín-ín-rín sójú ìlà náà, ẹ ti ìka bọ omi, kí ẹ fi fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí á fi gbẹ.